Ta Ló Máa Rọ Ìbọn Eré l'Ọ́jà'ba?

Ìwé kan wà tí iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà fi ka àwọn ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọ orílẹ̀-èdè yìí rárá. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á, ẹ̀rín á pa á díẹ̀. Owó ẹyọ wà níbẹ̀. Ewé tíì tí wọ́n ti pọn omi ara rẹ̀ tán wà níbẹ̀. Àárín irú ẹrù báwọ̀nyí ni wọ́n to ìbọn ìléwọ́ onífẹ́ẹ́fẹ́ sí, ìyẹn ìbọn kékeré tí kò lo ẹ̀tù, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta rẹ̀ jáde. Ìwé náà kò dúró síbẹ̀: ó tún dárúkọ ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n bá dárà sí kó lè jọ nǹkan mìíràn.

Àwọn ènìyàn wà lókè òkun tó jẹ́ pé ohun tí ìwé yìí kà léèwọ̀ gan-an ni wọ́n fi ń najú lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n á ra ìbọn ìṣeré, wọ́n á tú u palẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n á sì tún un tò pẹ̀lú ẹ̀yà tó dára ju èyí tó bá a wá lọ. Airsoft ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù ní Ìbàdàn kò kéré mọ́, ìbéèrè wọn sì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ṣé irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lè rídìí jókòó ní ìsàlẹ̀ ìlú, láàárín Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹyẹrunka, níbi tí àgbẹ̀dẹ ti wà láti ìgbà ogun? Èrò tèmi ni pé ọwọ́ kò ní ṣòro. Ojú ló máa ṣòro. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ Ìbàdàn dó, a kò ṣàìrí ẹni tó lè rọ ìbọn. Ẹni tó yẹ kó mú un dání, àti ohun tí ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ rẹ̀ máa rò, ni wọ́n ti ń jà lé lórí.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí airsoft jẹ́. Jàpáánù ló ti bẹ̀rẹ̀, ní àwọn ọdún 1970. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1958 lórí ìbọn àti idà ti mú kó nira gidigidi fún ará ìlú láti ní ìbọn gidi, àwọn tí ìbọn wù láàárín wọn sì wá èyí tó jọ ọ́ tí kò lè pani. Ọta rẹ̀ jẹ́ ike róbótó, ìbú rẹ̀ mìlímítà 6, ìwọ̀n rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 0.20. Iléeṣẹ́ Tokyo Marui, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965, ló gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ní 1991 wọ́n gbé ìbọn gígùn tó ń lo bátìrì jáde, ìbọn ìléwọ́ wọn tó ń jẹ́ Hi-Capa sì wà lára àwọn tí aláàtúntò fẹ́ràn jù lágbàáyé. Àwọn ará Taiwan àti Hong Kong náà wá bá wọn dá sí i, wọ́n ń ṣe odidi ìbọn, wọ́n sì ń ṣe ẹ̀yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Inú ìbọn ìléwọ́ onígáàsì yìí dùn ún wò. Máágásíìnì tó wọ inú ọwọ́ rẹ̀ ló gbé ọta, òun náà ló sì gbé gáàsì. Bí ìka bá fà á, irin kékeré kan á gbá ẹnu fáàfù, gáàsì á tú, á ti ọta ike gba inú ọ̀pá lọ, á sì ta orí ìbọn náà sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí orí ìbọn gidi ṣe máa ń ta sẹ́yìn. Sípíríǹgì á dá a padà, ọta mìíràn á bọ́ sí àyè. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀yà tó jọ mí lójú jù nínú rẹ̀ ni rọ́bà kékeré kan tó wà ní ìdí ọ̀pá, tí kò tóbi ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Orí ọta ló máa ń fara kàn bí ọta ṣe ń kọjá, kí ọta náà lè máa yí sẹ́yìn bó ti ń lọ. Yíyí yẹn ló ń gbé e dúró lójú afẹ́fẹ́, tí ike tí kò wúwo tó nǹkan kan fi ń lọ jìnnà kó tó wọlẹ̀. Òun náà ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù tí agbábọ́ọ̀lù bá gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fì yí ògiri ènìyàn ká wọ àwọ̀n.

Iṣẹ́ àtúntò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọta máa lọ gaara á yọ ọ̀pá inú, á fi èyí tó fún jù ú lọ sí i, bíi ti mìlímítà 6.03, nítorí gáàsì kò ní rí àyè sá gba ẹ̀gbẹ́ ọta. Á pààrọ̀ rọ́bà. Bí orí ìbọn tó jẹ́ ike kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ra ti alumíníọ̀mù, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti máa ń dé: orí tó wúwo kò ní lọ sẹ́yìn dáadáa àfi kó pààrọ̀ sípíríǹgì, àfi kó wá gáàsì tó le sí i; bó bá sì wá gbé gáàsì líle náà sí orí ike, orí á fọ́. Ẹ̀yà kan kò ṣeé fọwọ́ kàn kí òmíràn má béèrè tirẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń fi irin gbígbóná jó ojú ọwọ́ rẹ̀ gbàgà-gbàgà kí òógùn má baà jẹ́ kó yọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á kùn ún, wọ́n á dárà sí i. Owó tí wọ́n ń ná lé e máa ń kọjá iye tí wọ́n ra odidi ìbọn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, èyí tí aya ọ̀pọ̀ wọn kò gbọdọ̀ gbọ́.

Joule ni wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀. Ọta gíráàmù 0.20 tó bá ń sáré mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan gbé joule 1 dání. Láti 2006 ni Jàpáánù ti sọ pé ìbọn ọlọ́ta mìlímítà 6 kò gbọdọ̀ kọjá joule 0.98. Òfin tí Bìrìtìkó ṣe ní 2017 fàyè gba joule 1.3 fún èyí tó ń yìn léraléra, àti 2.5 fún èyí tó ń yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Irú ọta bẹ́ẹ̀ á dun awọ ara, ó lè wú, ṣùgbọ́n kì í sábà wọnú ẹran. Ojú nìkan ni kò sí ṣeréṣeré níbẹ̀: ó lè fọ́ ojú pátápátá, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ wọ pápá eré wọn láì dáàbò bo ojú.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé.

Ìlú ológun ni Ìbàdàn. Àgọ́ ogun àwọn Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ni wọ́n sọ di ìlú ní nǹkan bí 1829. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ rí ìbọn lò dáadáa, nítorí wọ́n sún mọ́ etí òkun níbi tí àwọn òyìnbó ti ń tà á. Ìbọn wọn wà lára ohun tó fọ́ ìlú Òwu ní àwọn ọdún 1820, nígbà tí idà àti ọfà ṣì ni ọ̀pọ̀ ìlú òkè gbẹ́kẹ̀ lé. Kò pẹ́ tí Ìbàdàn fi kọ́ ọ. Ọjà'ba tó ń jẹ́ orúkọ Iba Olúyọ̀lé, olórí Ìbàdàn nígbà kan, di ibi tí ẹrú, oúnjẹ àti ẹrù ogun ti ń pàdé, oníṣòwò tó bá sì lè rí ìbọn àti ẹ̀tù gbé wá láti Èkó tàbí Ìjẹ̀bú ti di ẹni tí balógun ń kí.

Irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Eré-oníṣe tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ti jẹ́ kí gbogbo wa mọ ìkà Ìyálóde náà délé délé, débi pé a ti gbàgbé pé oníṣòwò ohun ìjà ni. Ìbọn àti ẹ̀tù ló ń fún àwọn olórí ogun láwìn. Wọ́n á kó o lọ sójú ogun, wọ́n á ní bí àwọn bá kérú bọ̀ àwọn á san. Gbèsè ga, Ìyálóde kọ̀ láti máa tà láwìn mọ́, òun àti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, sì di ọ̀tá. Wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á ní 1874. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìbọn ṣe wọ ọ̀rọ̀ ìlú yìí tó, kó wo bí olùtà rẹ̀ ṣe kú.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ogun Kírìjì bẹ́ láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà, ní 1877, wọn kò sì tú àgọ́ ká títí di 1893. Ṣakabùlà ni ìbọn Ìbàdàn. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: ẹ̀tù, lẹ́yìn náà òwú tàbí èépo, lẹ́yìn náà ọta, kí wọ́n tó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Kí jagunjagun tó kì í tán, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó wá ra ìbọn tuntun tí wọ́n ń kì láti ìdí ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun wọn, àtàwọn èèyàn rẹ̀. Ọta ìyẹn ń lọ jìnnà, ó sì ń lọ tààrà. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn, kò sì rọrùn fún un láti rí irú rẹ̀ rà. Àgọ́ ogun yẹn ni Látòósà kú sí ní 1885. Ìlú tó fi ìbọn jọba wá rí i pé ìbọn kì í ṣe irú kan ṣoṣo.

Àwọn òyìnbó tún wá fi òfin sé e. Ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fẹnu kò sí àdéhùn kan ní Brussels pé kí ìbọn ìgbàlódé má ṣe wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ìbọn tí ń fi òkúta ṣáná, tí inú ọ̀pá rẹ̀ tẹ́jú, ni wọ́n fàyè gbà. Ẹni tó ń sọ pé ọpọlọ alágbẹ̀dẹ wa ló dúró sójú kan tí ṣakabùlà fi wà bó ṣe wà láyé Baṣọ̀run Ògúnmọ́lá, kò mọ̀ pé àṣẹ ló dá a dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n kò bá jẹ́ kó lọ síwájú, àtúnṣe ni yóò máa gbà.

Àtúnṣe náà ló sọ alágbẹ̀dẹ di ọ̀gá. Lójú ogun, àwọn ló ń tún ìbọn tó bá fọ́ ṣe, àwọn ló sì ń rọ ọta. Lẹ́yìn ogun, ọdẹ àti àgbẹ̀ ló kù fún wọn. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lónìí, àlòkù irin ni wọ́n ń lò: páìpù omi, irin abẹ́ mọ́tò, sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti bàjẹ́. Igi líle bí apá tàbí ìrókò ló ń di ìdí rẹ̀. Ẹwìrì ti fi ibì kan sílẹ̀ fún fáànù oníná; èédú, owú àti ẹmú ṣì wà. Ọdẹ tó bá wá gba ìbọn tirẹ̀ á gbé e lé èjìká wò, á ní kí wọ́n gé ìdí rẹ̀ kúrú díẹ̀ tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, á fi awọ ẹran wé ibi tó ti fẹ́ là, á so ońdè rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á yin irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sójú ọ̀run.

Ibí yìí ni mo ti rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín alágbẹ̀dẹ wa àti aláàtúntò airsoft, tí kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́. Àtúntò airsoft dúró lórí pé gbogbo Hi-Capa bára mu. Ọ̀pá tí wọ́n ṣe ní Taiwan á wọ ìbọn tí wọ́n ṣe ní Tokyo láìlo owú. Ṣakabùlà méjì tí alágbẹ̀dẹ kan náà rọ lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ̀yà ọ̀kan kò ní wọ èkejì àfi tí ó bá fi fáìlì ha á. Látìgbà tó ti wà níná ni ìbọn náà ti jẹ́ ti ẹnì kan, ara ẹni náà ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí. Ohun tí ọmọ Jàpáánù ń fi owó ńlá wá kiri, kí ìbọn òun má jọ ti ẹlòmíràn, kò sígbà tí alágbẹ̀dẹ wa kò ṣe é. Ohun tí alágbẹ̀dẹ wa kò ní ni ìwọ̀n kan náà, kí mìlímítà 6.03 jẹ́ 6.03 lónìí àti lọ́la. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́rin sí ọwọ́ àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Agodi Gate, oṣù mélòó kan á tó wọn láti ní i. Mo ní ọwọ́ kò ní ṣòro.

Ṣé ìjọba kò wá ní ìdí láti máa fura? Ó ní. Ní oṣù kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ tí owó orí ti ni lára wọ Ìbàdàn, wọ́n gba Màpó lọ, níbi gbọ̀ngàn ńlá tó ti wà lórí òkè látọdún 1929, ìjà sì bẹ́ síbẹ̀. Ṣakabùlà, àdá àti oògùn ni wọ́n fi jà. Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn, tí Táfà Adéoyè ará Akanran di olórí wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 1969 wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Owó orí wálẹ̀. Látìgbà náà, ìjọba èyíkéyìí tó bá jókòó s'Íbàdàn mọ ohun tí ìbọn àgbẹ̀ lè ṣe bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìjọba kan náà ló tún ké sí àwọn ọdẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ ajínigbé le: ìlú yìí ni àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ti ṣí ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọ̀ ọ́ sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ọdẹ.

Òfin ìbọn tí a ń lò jẹ́ ti 1959, ọdún kan kí òmìnira tó dé. Ó pín ìbọn sí apá mẹ́ta. Apá kìíní ni èyí tó jẹ́ èèwọ̀ bí kò ṣe pé Ààrẹ fọwọ́ sí i: ìbọn ńlá, bọ́ǹbù, ìbọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ tí kì í ṣe onífẹ́ẹ́fẹ́, títí kan ìbọn ìléwọ́ tí ń fi òkúta ṣáná. Apá kejì ni ti ara ẹni, tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ń fún ni níwèé àṣẹ rẹ̀: ìbọn ọdẹ ti òyìnbó, ìbọn gígùn onífẹ́ẹ́fẹ́, àti ìbọn ìléwọ́ onífẹ́ẹ́fẹ́. Ṣakabùlà àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni apá kẹta.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti lọ́ pọ̀. Òfin kan ní o lè gba ìwé àṣẹ ìbọn ìléwọ́ onífẹ́ẹ́fẹ́. Ìwé Aṣọ́bodè ní kò gbọdọ̀ gba ẹnu ibodè wọlé. Òfin ìdigunjalè ti 1984 wá to ìbọn onífẹ́ẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ọrun àti ọfà, ọ̀kọ̀, àdá àti kùmọ̀, pé ohun ìjà ni gbogbo wọn lọ́wọ́ ẹni tó bá fi jalè. Ẹni tó bá ní kí òun kúkú rọ ọ́ nílé, ìpín kejìlélógún òfin 1959 ti dúró dè é: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rọ ìbọn, kò gbọdọ̀ tò ó, kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe, àfi ní ilé ìbọn ìjọba. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní ọdún 10. Tító! Ohun tí ọmọ Tokyo ń ṣe lórí tábìlì ìjẹun rẹ̀ láàárín ago tíì méjì nìyẹn. Òfin 1984 tún sọ pé ìbọn, odidi ni o, àwọn ẹ̀yà tí a tú palẹ̀ ni o, ìbọn ni. Kò sí ibi kankan nínú àwọn ìwé yìí tí wọ́n ti béèrè pé joule mélòó.

Èmi kò ní pe àwọn tó kọ òfin 1959 lópè. Lọ́jọ́ wọn, ìbọn onífẹ́ẹ́fẹ́ tí wọ́n mọ̀ jẹ́ èyí tó ń yin òjé, tó ń pa ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́. Airsoft kò tíì sí láyé. Ṣùgbọ́n ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ báyìí, ìwé náà kò sì yí padà lórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, airsoft ti wọ Ìbàdàn tipẹ́. Ẹ lọ sí Ògùnpa tàbí Dùgbẹ̀ bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbọn ike dúdú tí wọ́n kó láti Ṣáínà, tó ní sípíríǹgì nínú, tí wọ́n ń fà sẹ́yìn kó tó yìn, tó ń ta ọta ike róbótó aláwọ̀ ìyeyè: kí ni ìyẹn bí kò ṣe airsoft tálákà? Ìbú ọta rẹ̀ gan-an ni mìlímítà 6. Ọmọ á yin ín tán, á máa ṣa ọta nílẹ̀, á fi ẹnu fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, á tún kì í. Ṣáájú rẹ̀, àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí kọ́kọ́rọ́ oníhò tí wọ́n ń ha orí ìṣáná sínú rẹ̀, tí wọ́n á ti ìṣó bọ̀ ọ́, tí wọ́n á so méjèèjì pọ̀ mọ́ okùn, tí wọ́n á sì gbá a mọ́ ògiri kó dún gbàmù. A tún ń fi igi oníhò ṣe èyí tó ń ta èso tútù. Ọmọ tó bá tú ìbọn ike Kérésìmesì rẹ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tó fa sípíríǹgì rẹ̀ gùn kó lè ta sókè sí i, tó wá fi gọ́ọ̀mù ìyá rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà, aláàtúntò ni. Ẹ kàn fi ẹgba nà án ni.

Ẹgba yẹn tọ́ nítorí ojú. Ọmọ tí ọta ike bá bà lójú kì í ríran dáadáa mọ́ nígbà mìíràn, ìyá tó sì ra ìbọn náà kì í ra awò tó ń dáàbò bo ojú mọ́ ọn.

Ojú kejì ni èyí tó ń wò láti òde. Ìwé ìròyìn wa kì í pẹ́ kó tó tún gbé e pé ọlọ́pàá mú adigunjalè, ìbọn ike ló sì bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n nà á sí láàjìn kò dúró wo bóyá ike ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí jù ni ìyípadà rẹ̀, kí ẹni tó ní ìbọn gidi rí ọmọdé tó ní ti ike. Ní Cleveland l'Ámẹ́ríkà, ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 2014, Tamir Rice, ọmọ aláwọ̀ dúdú ọdún 12, ń fi ìbọn ìléwọ́ airsoft ṣeré ní pápá ìṣeré. Ẹnì kan pe ọlọ́pàá. Ọkọ̀ wọn kò tíì dúró tán tí wọ́n fi yìnbọn fún un. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Láti 1988 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnu irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní àmì aláwọ̀ ọsàn. Àmì náà ti kúrò lára tirẹ̀.

Bìrìtìkó gba ọ̀nà mìíràn. Láti 2007, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ìbọn ìṣeré tó jọ gidi fún ẹni tí kò ní ìdí. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní London, tó ti pé ọdún 18, tó sì fẹ́ ra Hi-Capa dúdú, ó gbọdọ̀ fi hàn pé òun ń ṣeré ní pápá tó ní ìwé adójútòfò; ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, ó gbọdọ̀ ti ṣeré lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín àkókò tí kò dín ní ọjọ́ 56. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ títàn bíi pupa, ọsàn, tàbí búlúù ni yóò rà. Ó dára, àmọ́ pápá eré àti adójútòfò ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. A kò ní pápá, a kò sì ní adójútòfò, nítorí náà a kò lè kàn ya òfin wọn lò.

Ibì kan ṣoṣo tí mo rò pé iṣẹ́ yìí ti lè fìdí múlẹ̀ n'Ìbàdàn láìpẹ́ ni iṣẹ́ fíìmù. Ìlú tí tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí ní 1959 kò ṣe àjèjì sí eré. Láyé eré orí ìtàgé, igi ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́ bí ìbọn, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ìlù á sì dún bí wọ́n bá ní ó yìn. Ní ìtàgé, ó tó. Kámẹ́rà tòde òní ń sún mọ́ ojú jù. Ó ń rí ibi tí ọ̀bẹ ti gba ara igi kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn gidi kò sì ṣeé mú ṣeré. Ní oṣù kẹwàá 2021, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù Rust ní New Mexico, ọta gidi wà nínú ìbọn tí wọ́n rò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó sì pa Halyna Hutchins tó ń ya àwòrán náà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Alexi Hawley, tó ń darí eré tẹlifíṣọ̀n The Rookie, pàṣẹ pé airsoft nìkan ni wọn yóò máa lò, kí wọ́n máa fi kọ̀ǹpútà ṣe iná ẹnu rẹ̀.

Nítorí náà, bí àwọn aṣòfin Ọ̀yọ́ tàbí ti Àbújá bá fẹ́ gbọ́ tèmi, kí wọ́n fi joule wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ tí ń ka ìyára ọta kò tóbi ju rédíò lọ, ọlọ́pàá lè gbé e sórí tábìlì. Kí wọ́n yọ èyí tí kò kọjá joule 1 kúrò láàárín àwọn tó ń fi òjé pa ẹran, kí wọ́n fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ òṣèré tàbí iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, kí àwọ̀ ọsàn wà lẹ́nu rẹ̀ títí di ìgbà tí kámẹ́rà bá fẹ́ tàn. Kí wọ́n sì jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ kan tàbí méjì gba ìwé àṣẹ láti máa rọ ẹ̀yà rẹ̀. Èmi kò ní kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ọ̀dọ́ tí ó bá ní owó. Òpópónà Bẹẹrẹ ní alẹ́ kì í ṣe pápá eré, adigunjalè á sì kọ́kọ́ débẹ̀ rà á.

Kí wọ́n tó ṣe é, ẹgbẹ́ òṣèré tó bá fẹ́ ya ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn ní Bẹyẹrunka mọ ohun tó yẹ kó ṣe: kí wọ́n kọ ìwé sí ọlọ́pàá àdúgbò, kí wọ́n rí mógàjí agboolé, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ìyá ọlọ́jà láti àná, kí ẹni tó gbé agbọ̀n tòmátò lérí má baà dà á nù sá lọ, kó sì ní kí wọ́n wá san án.